Gìtá Tí A Fọwọ́ Ara Wa Tò: Iṣẹ́ Ni, Kì Í Ṣe Eré

Àwọn àgbà ní, gbẹ́nàgbẹ́nà ṣe tirẹ̀ tán, ó ku ti gbẹ́nugbẹ́nu. Ní ti gìtá tí a ń rà ní ẹ̀yà ẹ̀yà, tí a sì ń fúnra wa tò, gbẹ́nugbẹ́nu kò tilẹ̀ jẹ́ kí gbẹ́nàgbẹ́nà bẹ̀rẹ̀ kí ó tó la ẹnu. Àwọn kan ní gìtá kì í ṣe ohun-èlò Yorùbá rárá, pé ìlù ni kí ọmọ káàárọ̀-oò-jíire máa kàn. Àwọn mìíràn ní ẹni tí ó ra ara àti ọrùn gìtá tí ẹ̀rọ ti gé sílẹ̀ kò ṣe iṣẹ́ kankan. Mo tako ẹgbẹ́ méjèèjì, n ó sì sọ ìdí rẹ̀.

Ti àwọn ìṣáájú kò gba àkókò. Ní 1949 ni Ayinde Bakare ti gbé gìtá oníná wọ inú jùjú. Ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí, ní Ìdógò, ni a bí Ebenezer Obey ní 1942, ẹni tí ó fi gìtá pa òwe fún tọmọdé tàgbà. Ohun-èlò tí ó ti ń sọ èdè wa, ta ni yóò tún bi í léèrè orílẹ̀ rẹ̀?

Ti àwọn ìkejì ni ó le. Ẹ jẹ́ kí a bi àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà léèrè ohun tí wọ́n ń pè ní iṣẹ́. Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n pín ère gbígbẹ́ sí. Ọnà lílé ni èkínní, nígbà tí a kọ́kọ́ fún ìtì igi ní ìrísí. Alétúnlé ni èkejì, tí orí, apá àti ẹsẹ̀ fi ń hàn. Dídán ni ẹ̀kẹta, fínfín sì ni ẹ̀kẹrin. Ẹ̀rọ ti bá wa ṣe méjì àkọ́kọ́ lára gìtá yìí. Méjì ìkẹyìn ni ó kù fún wa. Ta ni yóò wọ agbo ilé Èṣùbíyìí ní Abẹ́òkúta, kí ó dúró láàárín àwọn agbẹ́gilére, kí ó sì wí pé dídán kì í ṣe iṣẹ́?

Kí ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì gbìyànjú rẹ̀ wò. Yóò fi sáńpépà líle bẹ̀rẹ̀, yóò bọ́ sí èyí tí ó kúnná, yóò máa tẹ̀ lé ibi tí fọ́nrán igi kọrí sí. Bí ó bá dábùú rẹ̀, fáníṣì yóò tú àṣírí rẹ̀. Yóò kun síílà, yóò dúró kí ó gbẹ, yóò tún ha á. Ní Kọ́bapẹ́, lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta sí Ṣàgámù, ẹni tí ó bá kun fáníṣì tí ń yára gbẹ lọ́jọ́ tí òjò ṣú lè rí i kí ojú igi funfun bí ẹni da omi ògì lé e. Nígbà ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, igi ọrùn a súnkì, etí àwọn irin wẹ́wẹ́ tí ó dábùú rẹ̀ a sì máa gún ènìyàn lọ́wọ́.

Ìṣirò tún wà níbẹ̀. Bí okùn bá gùn tó íǹṣì 25.5, ìdajì rẹ̀ gan-an, 12.75, ni irin kejìlá gbọ́dọ̀ wà. Síbẹ̀, títẹ̀ tí a bá tẹ okùn mọ́ irin a máa mú ohùn rẹ̀ ga díẹ̀, nítorí náà a ó ti ìgbéokùn sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí ohùn yóò fi bá ara mu. Etí ẹni ni onídàájọ́.

Brian May, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, àti bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kan gìtá nílé ní 1963. Igi ibi ìdáná àtijọ́ ni wọ́n fi ṣe ọrùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n rírà ni ó ra ohun tí ń gba ohùn okùn. Ta ni ó sọ pé gìtá náà kì í ṣe tirẹ̀?

Ibì kan ṣoṣo ni àwọn alátakò ti lè bá mi wí. Ọ̀gànwó ń hù nínú igbó wa. Igi irú rẹ̀ ń ti Áfíríkà lọ sí òkè òkun, ó ń di gìtá, a sì ń fi owó gọbọi rà á padà. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì mọ dídán, báwo ni yóò ṣe mọ lílé? Kí gìtá èkínní jẹ́ ti ẹlẹ́yà-ẹ̀yà, kí a fi kọ́ ọwọ́. Kí a wá tú u, kí a wọn ọn, kí a gbé ìwọ̀n náà fún káfíńtà Kọ́bapẹ́ pẹ̀lú pákó ọ̀gànwó tí ó gbẹ dáradára. Ìkejì yóò ti ọwọ́ wa jáde láti ọnà lílé títí dé fínfín.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ìwé tí a ń kà kò sọ pé kí ọwọ́ wa máa mọ́ tónítóní. Kí gbẹ́nugbẹ́nu kọ́kọ́ di sáńpépà mú ná, kí ó tó sọ tirẹ̀.