Ẹ Má Dá Mọ́nítọ̀ Lẹ́jọ́ Kí Ẹ Tó Gbọ́ Ẹnu Wáyà

Lọ́jọ́ tí mo gbé mọ́nítọ̀ mi lọ fún àwọn tó ń ra kọ́ńdẹ̀mù ní Ajégúnlẹ̀, ₦3,000 ni wọ́n ní àwọn máa san. ₦38,000 ni mo rà á ní tòkunbọ̀, kò sì tíì lo oṣù méjì lọ́wọ́ mi. Bí mo bá ti so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù mi tó ń lo Linux, àmì funfun kéékèèké á máa tàn lójú rẹ̀ bí iyọ̀ tí wọ́n wọ́n sílẹ̀, àwòrán á sì máa ṣẹ́jú. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Linux ló fà á, kí n lọ fi Windows sí i. Òmíràn ní mọ́nítọ̀ náà ti kú. Èmi náà gbà fún wọn, nítorí iṣẹ́ àṣekágbá wà nílẹ̀, mi ò sì ráyè.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ ló pè mí.

“Àbúrò, ṣé o ti tẹ mẹ́nù rẹ̀ wò?”

“Rárá, ẹ̀gbọ́n. Kí ni mẹ́nù fẹ́ ṣe sí i?”

Wọ́n ní kí n so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù, wọ́n sì tẹ bọ́tìnnì abẹ́ mọ́nítọ̀. Àpótí kékeré tí a fi ń yí ìmọ́lẹ̀ padà yọ síta, ó dúró gbọn-in. Àwòrán láptọ́ọ̀pù mi sì ń ṣẹ́jú lẹ́yìn rẹ̀.

“Ṣé o rí i? Mọ́nítọ̀ ló ya mẹ́nù yìí fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ ojú rẹ̀ ló bàjẹ́, mẹ́nù náà á máa ṣẹ́jú. Ohun tí wọ́n ń gbé wá fún un ni kò dáa.”

Wọ́n mú wáyà HDMI kan tó kúrú, tó sì ki, nínú ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n fi pààrọ̀ tèmi. Gbogbo rẹ̀ dákẹ́. ₦2,500 ni mo ra wáyà náà.

Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi kò ju èyí lọ: a ti ń yára jù láti dá ẹjọ́ tí a kò tíì gbọ́. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ọ̀pọ̀ wa ní ẹ̀ka yìí ló ń lo Linux, kì í sì í ṣe fún fáàrí. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tó ti dàgbà kì í fẹ́ gbé Windows tuntun. Ọ̀fẹ́ ni Linux, ìtẹ̀wé Yorùbá wà nínú rẹ̀, Praat tí a fi ń wo ohùn sì ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Ẹni tó bá ti fi ojú 14 ínǹṣì wo ìgbì ohùn rí mọ ìdí tí a fi ń wá mọ́nítọ̀ kejì. Ẹni tí mọ́nítọ̀ rẹ̀ bá sì lọ sí kọ́ńdẹ̀mù kì í sábà rí owó ra òmíràn.

Ọ̀rọ̀ náà ju àpò ẹnìkan lọ fún àwa tó ń gbé nítòsí Àpápá. Èbúté Àpápá àti ti Tin Can Island, tó ṣí ní 1977, ni ọ̀pọ̀ ẹrù àlòkù yìí ń gbà wọlé. Ní 2015 àti 2016, àwọn olùwádìí láti United Nations University àti ibùdó Basel Convention tó wà ní Ìbàdàn yẹ irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wò ní àwọn èbúté Èkó. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé bíi 60,000 tọ́ọ̀nù ohun èlò oníná àlòkù ló ń wọlé lọ́dún kan, pé ó kéré tán, 15,700 tọ́ọ̀nù nínú rẹ̀ ti kú kí ó tó gúnlẹ̀. Òkú tí wọ́n kó wá fún wa ti tó. Kí ló dé tí a tún ń fi alààyè kún un? Wọn yóò fọ́ mọ́nítọ̀ náà, wọn yóò sun wáyà rẹ̀ nítorí kọ́pà. Gílóòbù tó ń tan ìmọ́lẹ̀ sínú ọ̀pọ̀ mọ́nítọ̀ pẹlẹbẹ àtijọ́ ní mercury nínú, májèlé sì ni. Àdúgbò wa náà ló ń fa èéfín ọ̀hún símú.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á pe àwọn ẹlẹ́rìí ní ìkọ̀ọ̀kan. Mọ́nítọ̀ ni àkọ́kọ́, mẹ́nù rẹ̀ sì ti sọ tẹnu rẹ̀.

Wáyà ni ìkejì. Ojú 1920 × 1080 tí à ń tún yà nígbà 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ń béèrè fún bíi bílíọ̀nù 3 bit ní ìṣẹ́jú-àáyá yẹn. Wáyà tó gùn jù, tó tín-ín-rín, tàbí tí ẹnu rẹ̀ ti yẹ̀ lè má gbé ẹrù náà dé pé. Ẹ dín ẹrù kù kí ẹ wò ó: ẹ lọ sí Displays nínú Settings, ẹ mú un wá sí 1280 × 720. Ẹni tó bá wà lórí Xorg lè kọ xrandr sínú terminal kí ó rí orúkọ ihò rẹ̀, kí ó wá kọ xrandr --output HDMI-1 --mode 1280x720. Bí wàhálà bá lọ nígbà tí ẹrù fúyẹ́, wáyà tàbí ihò ni kí ẹ fura sí. Wáyà yìí kan náà ni mọ́nítọ̀ fi ń sọ irú ẹni tí òun jẹ́ fún láptọ́ọ̀pù. Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá dé, Linux á máa méfò, ó sì lè já yín sí 1024 × 768, kí gbogbo lẹ́tà fẹ̀ gbàgàdà. Bó bá jẹ́ VGA lẹ ń lò, tí funfun wá di yẹ́lò, ẹ wo ẹnu wáyà: abẹ́rẹ́ tó ń gbé àwọ̀ búlúù lè ti tẹ̀.

Iná ni ìkẹta. Bí ìlà bá ń yí lọ sókè lójú VGA, ẹ yọ ṣájà láptọ́ọ̀pù, kí ó máa jẹ bátìrì. Bí ìlà bá lọ, earthing tàbí ṣájà náà ni kí ẹ fura sí.

Linux ni ìkẹrin, mi ò sì ní gbè é: ó máa ń jẹ̀bi nígbà mìíràn. Nínú àwọn láptọ́ọ̀pù kan tó ní káàdì Intel àti NVIDIA pọ̀, ara NVIDIA ni ihò HDMI lọ. Bí driver rẹ̀ kò bá dúró dáadáa, mọ́nítọ̀ lè má tàn rárá. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn update ni wàhálà bẹ̀rẹ̀, ẹ pa á, ẹ tún un tàn, ẹ wọ Advanced options nínú GRUB, kí ẹ yan kernel àtijọ́. Bí ara rẹ̀ bá balẹ̀, ẹ ti mọ ẹni tó jẹ̀bi, ẹ kò sì ná kọ́bọ̀.

Ẹnìkan á ní ta ló ráyè gbogbo èyí nígbà tí súpáfáísọ̀ ń dúró dè é. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀. Títẹ mẹ́nù kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, ìyókù kò sì tó àkókò tí mo fi to lórí ìlà ọkọ̀ ní Boundary pẹ̀lú mọ́nítọ̀ lọ́wọ́.

Ohun méjì ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka wa ra wáyà HDMI kan tó dájú, wáyà VGA kan, àti fláàṣì kan tí Linux wà lórí rẹ̀ tó ṣeé tàn láìfi sórí ẹ̀rọ. Kí wọ́n wà ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́, kí akẹ́kọ̀ọ́ tí mọ́nítọ̀ rẹ̀ ń ṣẹ́jú yá wọn fún ọjọ́ kan kí ó tó pinnu ohunkóhun. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, tí ẹ ń fi mọ́nítọ̀ àlòkù ránṣẹ́ sí wa láti òkè òkun, ẹ ṣeun, a kò kọ̀ ọ́. Ẹ dákun, wáyà tí ẹ ń lò pẹ̀lú rẹ̀ níbẹ̀, ẹ fi sínú àpótí rẹ̀.