Oògùn Tí A Kò Wọ̀n, Ta Ni Yóò Mọ Agbára Rẹ̀?



Àwọn àgbà ní díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni irú àrùn jẹjẹrẹ kan, tí àwọn dókítà ń pè ní follicular lymphoma, ṣe ń wọ ara. Láàrin ẹ̀jẹ̀ funfun, tí í ṣe ọmọ ogun ara wa, ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Kókó a yọ ní ọrùn, ní abíyá, tàbí níbi tí itan ti pàdé ikùn. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í dun ni. Ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Nígbà mìíràn ó tilẹ̀ lè rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ láìsí oògùn. Nítorí náà, bí kò bá tíì ni aláìsàn lára, dókítà lè má fún un ní nǹkan kan, kí ó kàn máa ṣọ́ ọ.

Ẹ kíyè sí i, ibẹ̀ ni ẹ̀tàn wà. Bí irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ bá mu àgbo kan, tí kókó sì rọlẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, gbogbo ilé ni yóò máa yin ẹni tí ó ta àgbo náà. Ṣùgbọ́n ṣé àgbo ni, tàbí àrùn ni ó sinmi? Ẹnikẹ́ni kò lè mọ̀. Oògùn òyìnbó náà kò sì yọ sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí: bí a kò bá wọ̀n ọ́n, a kò mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Láti 1997 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti fi àṣẹ sí oògùn kan, rituximab, tí a ń fà sínú iṣan. A máa lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ tí ó bàjẹ́, bí ẹni fi ẹfun sàmì sí olè lára, kí àwọn ọmọ ogun ara lè dá a mọ̀, kí wọ́n sì pa á. Lenalidomide ní tirẹ̀ jẹ́ hóró tí a ń gbé mì. Òun ni ó ń jí àwọn ọmọ ogun tí ń tòògbé. Ǹjẹ́ méjèèjì pọ̀ sàn ju ọ̀kan lọ?

Wọ́n kó aláìsàn 358 jọ, tí irú àrùn jẹ́jẹ́ yìí ti padà sí lára lẹ́yìn ìtọ́jú. Wọ́n ṣẹ́ kèké láti pín wọn sí méjì. Gbogbo wọn gba rituximab. Apá kan gba lenalidomide mọ́ ọn. Apá kejì gba hóró tí ó jọ ọ́, tí kò ní agbára kankan. Aláìsàn kò mọ èyí tí òun ń lò, dókítà rẹ̀ náà kò mọ̀, kí ojúsàájú má baà wọ̀ ọ́. Ní 2019 ni àbájáde jáde. Nínú àwọn tí ó gba méjèèjì, ìdajì rí ìsinmi ju oṣù 39 lọ kí àrùn tó tún gbérí. Ní apá kejì, oṣù 14 ni. Àrùn jẹ́jẹ́ ni ti apá méjèèjì, nítorí náà ti oògùn ni ìyàtọ̀ náà. Lẹ́yìn èyí, wọ́n fi ẹ̀kẹta, tafasitamab, kún un, wọ́n sì wọ̀n ọ́n bákan náà lára aláìsàn 548. Òun náà fi kún ìsinmi wọn, Amẹ́ríkà sì fi àṣẹ sí i ní 2025.

Ṣùgbọ́n oògùn tí ó lágbára ní ewu tirẹ̀. Àpapọ̀ yìí a máa dín ẹ̀jẹ̀ funfun kù, tí àìsàn mìíràn fi lè ráyè wọlé. Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbọ́ èyí dáadáa: ìbátan thalidomide ni lenalidomide, oògùn tí wọ́n tà ní Jámánì láti 1957 títí di 1961, tí ọ̀pọ̀ aboyún lò, tí wọ́n sì bí ọmọ tí apá àti ẹsẹ̀ wọn kò pé. Aboyún kò gbọdọ̀ fi ẹnu kàn án.

Kì í ṣe gbogbo kókó ni jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n èyí tí ó bá yọ tí kò lọ, ẹ má wí pé kò dùn yín. Ẹ gbé e lọ fún dókítà. Bí ẹnikẹ́ni bá sì gbé oògùn wá, tí ó ní ó wo lágbájá sàn, ẹ fi sùúrù bi í pé: “Ta ni ẹ fi wé lágbájá náà?”