Ẹ yọ kọ́sítíìkì kúrò nínú ike omi

1.
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ èèyàn ní ọṣẹ olómi ṣíṣe lórí WhatsApp, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ta kọ́sítíìkì sódà sínú ike omi, ẹ má tíì lọ, tiyín ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí gùn o, ṣùgbọ́n ẹ bá mi kà á dópin.

2.
Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà yẹn. Ó ti ibi eré dé, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ike kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn kíṣìnì, irú èyí tá a máa ń ra omi tútù nínú ẹ̀ lójú títì. Ó ṣí i, ó gbé e sẹ́nu. Ẹnu kan péré ló mu.

Kì í ṣe omi. Kọ́sítíìkì tí ẹ̀gbọ́n mi ti rẹ sílẹ̀ látàná fún ọṣẹ ni.

3.
Ó ké lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà, kò lè ké mọ́. Itọ́ ń dà lẹ́nu ẹ̀ ṣọ̀rọ̀ṣọ̀rọ̀ torí kò lè gbé e mì. Aládùúgbò kan sáré gbé epo pupa dé. Ẹlòmíràn ní ká ti ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun kó lè bì í jáde. Gbogbo wa rò pé ìrànlọ́wọ́ là ń ṣe.

Nígbà tá a dé ọsibítù, ìbéèrè tí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ bi wá ni pé, “Ṣé ẹ jẹ́ kó bì?” Gbogbo wa dorí kodò. Ohun tó jó o nígbà tó ń lọ sísàlẹ̀, a tún jẹ́ kó jó o nígbà tó ń padà bọ̀.

4.
Kí ni kọ́sítíìkì yìí gan-an? Sodium hydroxide ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ó funfun. Òmíràn rí wóró wóró, òmíràn rí pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Tó bá ti yọ́ tán sínú omi, ó mọ́ kedere. Kò láwọ̀, kò lóòórùn. Ẹ fi ojú wò ó títí di ọ̀la, omi lẹ máa pè é.

Iṣẹ́ tẹ́ ẹ torí ẹ̀ rà á ni pé ó máa ń sọ epo di ọṣẹ. Ó dáa. Ṣé ẹ mọ̀ pé ara èèyàn náà ní ọ̀rá? Ohun tó ń ṣe fún epo nínú báàkẹ́tì yín náà ló ń ṣe fún ọ̀fun ọmọdé. Tí ásíìdì bá jó ara, ibi tó jó sábà máa ń le bí èèpá, èèpá yẹn á sì dí i lọ́nà díẹ̀. Kọ́sítíìkì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ńṣe ló ń yọ́ ẹran ara, tó sì ń wọlé lọ. Kò tó ìṣẹ́jú mélòó kan tó fi ń bá ibi tó fẹ́ bà jẹ́ jẹ́.

5.
Ẹ má rò pé tí ọmọ ò bá ti kú, ó parí nìyẹn. Egbò inú ọ̀fun máa ń jiná, ṣùgbọ́n àpá ẹ̀ máa ń sún kì. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọ̀nà oúnjẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í há. Ọmọ tó ń jẹ ẹ̀bà tẹ́lẹ̀, ẹ̀kọ mímu nìkan ló kù fún un. Tó bá yá, omi gan-an á di ìṣòro. Dókítà á lu ihò sí i níkùn kí wọ́n lè máa gba ibẹ̀ fún un lóúnjẹ. Wọ́n á máa ti rọ́bà bọ̀ ọ́ lọ́fun láti fẹ ọ̀nà náà, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, fún oṣù, fún ọdún. Ti àwọn kan ò ṣeé fẹ̀ rárá. Wọ́n á gé lára ìfun láti fi ṣe ọ̀fun tuntun fún wọn. Ẹni tó bá sì là á já, ewu àrùn jẹjẹrẹ ọ̀fun ṣì ń tẹ̀ lé e fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Torí ẹnu kan péré o.

6.
Ẹ wá gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nílé wa lọ́jọ́ yẹn. “Ayé ló ṣe é.” “Àwọn ọ̀tá ìyá ẹ̀ ni.” Ayé wo? Ṣé ayé ló da kọ́sítíìkì sínú ike omi? Ọ̀tá wo ló gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn?

Àwọn àgbà ní ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló gbé oògùn sínú abọ́ ẹ̀fọ́? Àgbàlagbà ni. Ẹ jẹ́ ká yé dá ọmọ lẹ́bi, ká sì yé dá àjẹ́ lẹ́bi. Ike yẹn ni ká mú.

7.
Ó yá, ẹ̀yin olùkọ́ ọṣẹ. Mo ti wọ ẹgbẹ́ WhatsApp yín tó mẹ́ta. Mo sanwó. Ẹ kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń po sulphonic, Texapon àti soda ash pọ̀. Ẹ kọ́ wa bí ọṣẹ ṣe máa ki, bó ṣe máa ta sánsán, bá a ṣe máa ná èrè. Tó bá dórí kọ́sítíìkì, gbólóhùn kan lẹ máa ń sọ: “Ẹ rẹ ẹ́ sómi, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ dọjọ́ kejì.”

Inú kí ni ká rẹ ẹ́ sí? Ibo ni ká gbé e sí mọ́jú? Ta ló wà nílé? Ẹ ò sọ. Nínú fídíò yín, ọwọ́ lásán lẹ fi ń rò ó, sílípáàsì lẹ wọ̀, òmíràn tún pọn ọmọ sẹ́yìn. Ẹni tó ń wò yín rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

8.
Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ fi ṣáájú ẹ̀kọ́ yín rèé, mo fi ṣe sàárà:

Kọ́sítíìkì lẹ máa dà sínú omi, díẹ̀ díẹ̀. Ẹ ò gbọdọ̀ da omi lé kọ́sítíìkì láé. Ó máa ń gbóná gan-an tí omi bá kàn án. Tẹ́ ẹ bá da omi lé e lórí, ó lè hó lójijì kó ta sí yín lójú.

Omi tútù ni kẹ́ ẹ lò. Báàkẹ́tì oníke tó nípọn ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe ìkòkò alumíníọ́mù. Ó máa ń jẹ alumíníọ́mù, gáàsì tó ń jáde níbẹ̀ sì lè gbaná.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn, bàtà tó bo ẹsẹ̀, àti awò tó bo ojú pátápátá. Ẹ ṣe é níbi tí afẹ́fẹ́ wà. Kí ọmọdé má sí nítòsí. Ẹ dé èyí tó bá kù pinpin, torí ó máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra.

9.
Tó bá ti wá ṣẹlẹ̀ ńkọ́?

Tó bá kan ara: ẹ gbọn èyí tó bá gbẹ dà nù, ẹ bọ́ aṣọ, ẹ da omi tó ń ṣàn sí i fún ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán. Ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà pa á.

Tó bá kan ojú: ẹ la ìpéǹpéjú, ẹ máa bu omi sí i láìdáwọ́ dúró, lẹ́yìn náà, ọsibítù.

Tí ẹnì kan bá mu ún: ẹ má jẹ́ kó bì. Ẹ má fún un ní epo pupa. Ẹ má fún un ní nǹkan kan mu àfi tí dókítà bá ní kẹ́ ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó fi omi yọ ẹnu, kó tu ú dà nù, kẹ́ ẹ gbé e lọ sọ́sibítù lójú ẹsẹ̀. Ẹ mú ike náà dání.

10.
Ẹ̀yin ọlọ́jà kẹ́míkà ńkọ́? Àpò ńlá tẹ́ ẹ ń rà wálé ní àwòrán lára: ọwọ́ àti irin tí nǹkan olómi ń jẹ. Ẹnikẹ́ni tó bá rí i, ó máa ṣọ́ra. Ṣùgbọ́n ẹ tú àpò yẹn, ẹ wọ̀n ọ́n sínú ọ̀rá àti ike ẹlẹ́rìndòdò, ẹ tà á. Àwòrán yẹn kù sí ṣọ́ọ̀bù yín, ewu ẹ̀ tẹ̀ lé oníbàárà délé.

11.
Mo mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ. “Ọ̀rọ̀ olówó lò ń sọ. Ṣé o fẹ́ gba oúnjẹ lẹ́nu wa ni?” Rárá o. Ọṣẹ ni ẹ̀gbọ́n mi fi ń san owó ilé. Mi ò ní kẹ́nikẹ́ni má ṣe ọṣẹ mọ́. Mo ní kẹ́ ẹ ra kẹ́ẹ̀gì kan tó yàtọ̀, kẹ́ ẹ fi máákà ya orí òkú sí i lára, kẹ́ ẹ gbé e síbi tó ga, kẹ́ ẹ tì í pa. Èló ni máákà?

Ẹ sì má tan ara yín pé ìkọ̀wé tó. Ọmọ ọdún mẹ́ta ò mọ̀wé. Ike omi ló mọ̀.

12.
Ẹ má sì sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni. Ọjọ́ ti pẹ́ táwọn ìyá wa ti ń sẹ́ omi eérú èèpo kòkó láti fi ṣe ọṣẹ dúdú. Ìkòkò omi eérú ìyá àgbà mi dá yàtọ̀. Kò sẹ́ni tó jẹ́ fi bu omi mímu nílé yẹn. Wọn ò kàwé, ṣùgbọ́n wọ́n mọ èyí.

13.
Àwọn òyìnbó náà ti jẹ irú ìyà yìí rí. Ní Amẹ́ríkà láyé ọjọ́un, inú ilé ni kọ́sítíìkì ń wà, àwọn ọmọ sì ń mu ún. Dókítà kan, Chevalier Jackson, ló ń tọ́jú ọ̀fun wọn. Ó rẹ̀ ẹ́. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà tọ ìjọba lọ, kò sinmi títí wọ́n fi ṣòfin ní 1927 pé ohun tó bá ń jó ara bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní àkọlé “májèlé” lára. Ní 1970, wọ́n tún ṣe òfin míì lórí ìdérí tí ọmọdé ò ní lè tètè ṣí. Kò sẹ́ni tó ní ayé ló ṣe é.

Àbójútó kẹ́míkà wà lára iṣẹ́ NAFDAC níbí. Ẹ jẹ́ ká bèèrè lọ́wọ́ wọn pé kí títa kọ́sítíìkì sínú ike ohun mímu di èèwọ̀ lọ́jà. Ṣùgbọ́n ẹ má dúró dè wọ́n. Kíṣìnì yín kì í ṣe ti ìjọba.

14.
Ẹ dìde báyìí. Ẹ wo abẹ́ síǹkì, ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn, ilé ìwẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí ike omi tí kì í ṣe omi ló wà nínú ẹ̀, ẹ gbé e kúrò kẹ́ ẹ tó sùn. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí olùkọ́ ọṣẹ yín. Tó bá bínú, ẹ ní èmi ni mo rán yín.

15.
Ọmọ yẹn ti pé ọdún méje. Ó wà láyé, a dúpẹ́. Wọ́n ṣì ń fẹ ọ̀fun ẹ̀ látìgbàdégbà. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, a ń gún iyán nílé, ó wá jókòó tì mí. Ó ní, “Àǹtí, ìgbà wo lèmi náà máa jẹ́ ẹ?”

Mi ò mọ ohun tí màá sọ fún un.