Wọ́n Gbé Tẹ́ńpìlì Ọba, Wọ́n Jẹ́ Kí Ṣọ́ọ̀ṣì Abúlé Rì

Bí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn Kirisẹ́ẹ́nì bá ti délẹ̀ nínú kíláàsì, kì í pẹ́ tí ẹnìkan fi máa ń sọ pé òyìnbó ló gbé e wá fún gbogbo adúláwọ̀. Àwa náà ti sọ ọ́ rí. Kì í ṣe òótọ́. Ní ọ̀rúndún kẹfà ni àwọn ọba Nubia ti gba ẹ̀sìn náà, ní etí odò Náílì, níbi tí gúúsù Íjíbítì àti àríwá Sudan wà lónìí. Ó lé ní 1,200 ọdún lẹ́yìn náà kí àwọn míṣọ́nnárì tó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1842. Àwọn ará Nubia kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì sí ìlú ńlá, wọ́n kọ́ ọ sí abúlé, wọ́n sì fi èdè abínibí wọn kọ àdúrà sílẹ̀.

Níbo wá ni àwọn ṣọ́ọ̀ṣì abúlé wọ̀nyẹn wà? Púpọ̀ nínú wọn wà lábẹ́ omi.

Nígbà tí Íjíbítì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ dáàmù gíga Aswan ní 1960, ó ti hàn pé omi yóò bo ilẹ̀ Nubia. UNESCO ké gbàjarè sí gbogbo ayé. Wọ́n gé tẹ́ńpìlì Abu Simbel, tí Fáráò Ramesses Kejì gbẹ́ sínú àpáta, wọ́n sì tún un tò sórí ilẹ̀ tó ga. Iṣẹ́ náà parí ní 1968. Ní Faras, àwọn awalẹ̀pìtàn láti Pólándì, tí Kazimierz Michałowski jẹ́ olórí wọn, rí àwòrán tó lé ní 120 lára ògiri kàtídírà. Èyí tí wọ́n rí yọ ni wọ́n pín sí Khartoum àti Warsaw. Ilé náà fúnra rẹ̀ rì.

Ti Faras ṣì sàn. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì kéékèèké tí wọ́n fi bíríkì amọ̀ kọ́ ńkọ́? Èyí tí àwọn awalẹ̀pìtàn ráyè dé, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n sì fi í sílẹ̀ fún omi.

A mọ ohun tí ẹ máa sọ: owó kò tó, àkókò kò sí, amọ̀ kò sì ṣeé gbé bí òkúta. Òótọ́ ni. A kò sọ pé kí wọ́n gbé gbogbo rẹ̀. Ohun tí a ń bá jà ni èrò pé ohun tí ọba bá kọ́ nìkan ni ìtàn. Wọ́n kó àwọn ará Wadi Halfa pàápàá lọ sí Khashm el-Girba, ọ̀nà jíjìn réré sí odò tí wọ́n bí wọn sí. Bí ẹni tó lè nawọ́ pé "ibí ni" bá ti kúrò, ta ni yóò júwe ibẹ̀?

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ Náílì nìkan ni. Dáàmù Ọ̀yán tí wọ́n ṣí ní 1983 ní ìpínlẹ̀ Ògùn lé àwọn ará abúlé kúrò nílẹ̀ baba wọn. Ààfin àti igbó Ọ̀ṣun ni àwa máa ń sáré kọ̀wé lé lórí. Ta ló ti kọ nípa ojúbọ, mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì alámọ̀ tó wà ní abúlé ìyá tirẹ̀?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ wa tí ẹ ń wá àkòrí fún iṣẹ́ àṣekágbá, ẹ yé tún iṣẹ́ àná kọ. Ẹ padà sílé, ẹ tẹ́tí sí àwọn àgbà, ẹ fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀, ẹ ní kí wọ́n mú yín dé ojú ibẹ̀. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti gboyè, ẹ bá wa sọ fún àwọn olùkọ́ pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tó gboyè lé lórí. Agbára wa kò ká omi, ṣùgbọ́n ó ká bíírò àti ìwé.