Ẹni Tó Fi Ìṣẹ́jú-Àáyá 14 Ṣiṣẹ́, Ṣé Kò Ṣiṣẹ́ Ni?

Inú ń bí mi, mi ò sì ní í fi pamọ́. Ní 2022, àwọn tó ń yan orúkọ tí yóò wọ Hall of Fame, ilé ìrántí àwọn akọni bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tó wà ní ìlú Canton, ìpínlẹ̀ Ohio, wo Devin Hester lójú, wọ́n ní kó lọ jókòó ná. Ní 2023, wọ́n tún ní kó lọ jókòó. Ìgbà tó di 2024 ni wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹnìkan á ní, "Ṣebí ó ti wọlé báyìí, kí lo tún ń bínú sí?" Ohun tí mo ń bínú sí ni àwáwí tí wọ́n fi dá a dúró. Wọ́n ní ìgbà díẹ̀ ló ń wọ pápá. Wọ́n ní iṣẹ́ ẹ̀ kéré.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ eré náà, ẹ fara balẹ̀ bá mi bọ̀. Kì í ṣe bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tiwa. Bọ́ọ̀lù tiwọn ṣe ṣóńṣó lórí méjèèjì, ọwọ́ ni wọ́n sì sábà fi ń gbé e sá. Ṣùgbọ́n ìgbà kan ń bẹ tí tíìmù kan á gbá a sókè réré sí ìkejì. Ẹnìkan á mú un lọ́hùn-ún, á gbá a mọ́ àyà, á sì kọjú sí àwọn géńdé 11 tó ń rọ́ bọ̀ wá gbé e ṣánlẹ̀. Bó bá la gbogbo wọn já dé ìlà ìparí, máàkì 6 nìyẹn. Iṣẹ́ Hester nìyí. Iṣẹ́ tí àwọn mìíràn ń ṣe bí àfikún, òun ló sọ ọ́ di ohun tí èèyàn ń tìtorí ẹ̀ san owó ìwọlé.

Ní Yunifásítì Miami, wọ́n gbé e síbí, wọ́n gbé e sọ́hùn-ún, wọn ò rí àyè kan pàtó fi í sí. Chicago Bears mú un ní 2006, ẹni 57 nínú àwọn tí wọ́n yàn lọ́dún náà, wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ mọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹ̀yìn, àwọn tó ń ṣọ́ kí ọ̀tá má baà rí bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá jù mú. Ẹ wo ọdún àkọ́kọ́ yẹn. Ní oṣù kẹwàá, Arizona Cardinals ti fi máàkì 20 sí òdo ṣáájú Bears. Àwọn atamátàsé Bears ò dé ìlà ìparí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lálẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn tó ń dènà dé ibẹ̀ lẹ́ẹ̀méjì, Hester wá mú èyí tí wọ́n gbá sókè, ó sá yáàdì 83. Bears jáwé olúborí, 24 sí 23. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, New York Giants gbá bọ́ọ̀lù sí góòlù, kò dé ibẹ̀. Hester mú un, ó rọra ń rìn bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti tán, àfi fìrì! Yáàdì 108.

Ọjọ́ kẹrin oṣù kejì 2007 wá ni Super Bowl, òpin gbogbo ìdíje wọn. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù ìbẹ̀rẹ̀, Hester mú un, ó sá yáàdì 92, ìṣẹ́jú-àáyá 14 péré. Ẹnikẹ́ni ò ṣe irú ẹ̀ rí ní ìbẹ̀rẹ̀ Super Bowl. Lóòótọ́, Indianapolis Colts ló borí níkẹyìn, 29 sí 17. Àmọ́ ẹ bi mí pé kí ni Colts ṣe lẹ́yìn náà. Wọ́n dẹ́kun gbígbá a sí i. Wọ́n ń gbá a yílẹ̀yílẹ̀ sí àwọn ẹlòmíì!

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí àwọn alátakò mi dúró sí. Tíìmù lẹ́yìn tíìmù ló mọ̀ọ́mọ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù jáde kúrò nínú pápá, tí wọ́n ń fi yáàdì ta Bears lọ́rẹ, kí ọwọ́ ọkùnrin kan má ṣáà tẹ̀ ẹ́. Denver ní tàwọn ò ní sá, ní oṣù kọkànlá 2007. Ó sá yáàdì 75 fún wọn, ó tún sá 88 lé e, wọ́n sì pàdánù pẹ̀lú 37 sí 34. Ẹni tí ọ̀tá ń fi dúkìá ara ẹ̀ sá fún, ẹ tún ní iṣẹ́ ẹ̀ kéré? Agbẹ̀bí kì í bá aboyún gbé oṣù mẹ́sàn-án. Ẹ lọ sọ fún un pé kò ṣe nǹkan kan.

Àwọn ará ilé ẹ̀ gan-an ò ṣàì jẹ̀bi. Ní 2007, Bears ní kó wá ṣe iṣẹ́ "gidi", kó máa sáré gba bọ́ọ̀lù jíjù níwájú. Mi ò lè bú wọn tán, torí ta ni yóò rí irú eré ẹsẹ̀ yẹn tí kò ní fẹ́ lò ó nígbà gbogbo? Ó tiẹ̀ gba yáàdì 757 ní 2009, kì í ṣe ohun ìtìjú. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù gbígbá mélòó ló mú dé ìlà ìparí ní 2008 àti 2009? Òdo! Èyí tó ṣe ní 2006 jẹ́ 6, ti 2007 náà jẹ́ 6. Nígbà tó di 2010, ó tún jí: mẹ́ta lọ́dún yẹn, mẹ́ta lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ní 2014, nígbà tó ti wà ní Atlanta, ó pé 20, ó sì kọjá Deion Sanders, ẹ̀ṣọ́ ẹ̀yìn ńlá tí tiẹ̀ jẹ́ 19.

Èyí tó wá dùn mí jù nìyí. Hall of Fame ti gba Jan Stenerud wọlé láti 1991, ó ti gba Ray Guy ní 2014. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù, kí wọ́n sì padà lọ jókòó. Mi ò bínú sí wọn, ó tọ́ sí wọn. Àbí ẹni tó ń gbá a ló ṣiṣẹ́, ẹni tó ń mú un padà bọ̀ láàárín géńdé 11 ń ṣeré? Ní 2019, NFL fúnra ẹ̀ kọ orúkọ Hester mọ́ àwọn tó dára jù lọ láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n ní kò tíì tó.

Wọ́n á ní ìpalára pọ̀ nínú sísá yẹn. Mi ò jiyàn. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe sún ibi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù ìbẹ̀rẹ̀ síwájú ní yáàdì 5 ní 2011, tí púpọ̀ ẹ̀ sì ń fò kọjá ibi tí èèyàn ti lè mú un sá. Ọjọ́ kẹjọ oṣù kejì 2024 ni wọ́n kéde pé Hester ti wọlé. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n gbá Super Bowl, kò sì sí ẹyọ ẹnìkan tó mú bọ́ọ̀lù ìbẹ̀rẹ̀ sá láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nígbà tó di oṣù kẹta, àwọn tó ni tíìmù pé jọ, wọ́n yí òfin padà pátápátá, kí àwọn èèyàn lè tún máa mú un sá. Iṣẹ́ kékeré náà ni wọ́n ń wá kiri yẹn o.