Trovan ní Kánò: Ta ló bi àwọn òbí léèrè?

Ní ọdún 1996, àrùn yínrunyínrun, tí í mú ọrùn gan, jà rànyìn ní ìhà Àríwá Nàìjíríà, ó sì pa èèyàn tó lé ní 11,000. Inú ìdààmú yìí ni Pfizer, iléeṣẹ́ apoògùn láti Amẹ́ríkà, ti gbé oògùn tuntun tó ń jẹ́ Trovan wá sí ilé ìwòsàn ìjọba kan ní Kánò. Ọmọ 200 ni wọ́n fi ṣe ìwádìí: 100 gba Trovan, 100 yòókù gba ceftriaxone, tí àwọn dókítà ti ń lò tẹ́lẹ̀. Márùn-ún kú nínú àwọn ti àkọ́kọ́, mẹ́fà kú nínú àwọn ti ìkejì.

Pfizer tẹnu mọ́ ọn pé àrùn ló pa wọ́n, kì í ṣe oògùn. Bí ó bá tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, ìbéèrè tó ṣe kókó ṣì wà nílẹ̀: ǹjẹ́ àwọn òbí mọ̀ pé ìwádìí ni? Iléeṣẹ́ náà ní àwọn gba ìyọ̀ǹda wọn lẹ́nu. Àwọn òbí ní ìtọ́jú lásán ni àwọn rò pé ó jẹ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹgbẹ́ Médecins Sans Frontières ń fúnni ní oògùn mìíràn lọ́fẹ̀ẹ́ nínú ọgbà kan náà.

Ìwé ìròyìn Washington Post tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà ní ọdún 2000. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá. Nígbà tí Kánò kọ oògùn àjẹsára rọpárọsẹ̀ ní ọdún 2003, ọ̀rọ̀ Trovan wà lára ohun tó fa ìfura náà, àrùn ọ̀hún sì tàn dé àwọn orílẹ̀-èdè tó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọdún 2009, Pfizer gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là fún ìpínlẹ̀ Kánò, láìgbà pé òun jẹ̀bi. Òfin ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014 sì pàṣẹ pé ìyọ̀ǹda gbọ́dọ̀ wà ní àkọsílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìwé nìkan kò tó. Ìyá tí gìrì ń mú ọmọ rẹ̀ yóò tẹ̀ka sí ohunkóhun tí dókítà bá nà sí i. Ohun tó tọ́ ni kí wọ́n ṣàlàyé fún un ní èdè rẹ̀ pé ìwádìí ni, pé oògùn mìíràn wà, àti pé bí ó bá kọ̀, wọn kò ní tìtorí ìyẹn pa ọmọ rẹ̀ tì. Níbi tí kò bá ti lè sọ pé rárá, bẹ́ẹ̀ ni tó sọ kì í ṣe ìyọ̀ǹda.