Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá kò yẹ ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì

Láti ọdún 2012 tí Jumia àti Konga ti dé, ẹni tó ń hun ẹní ní etí òkun Ìlàjẹ tàbí tó ń yan ẹja ní Igbókòdá lè tajà fún ará Èkó àti Àbújá láìkúrò nílé. Ṣùgbọ́n àwọn olè náà ti bá ọlọ́jà dé ibẹ̀. Wọ́n ń jí fọ́tò ọjà ẹlẹ́ja, wọ́n sì ń fi orúkọ ọlọ́rúkọ ta ayédèrú.

Òfin Kọ́píráìtì ti ọdún 2022, èyí tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kẹta ọdún 2023, ti la ọ̀nà kan sílẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá jí fọ́tò, orin, fíìmù tàbí ìwé rẹ̀ lò yóò kọ ìwé ẹ̀sùn sí ilé iṣẹ́ tó ni ojú òpó náà. Ilé iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ tètè fi tó ẹni tó gbé e síbẹ̀ létí. Bí onítọ̀hún kò bá wí àwíjàre láàrin ọjọ́ 10 tí ìwé tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, wọn yóò yọ ọjà náà kúrò.

Òfin yìí dára, àmọ́ ọjọ́ 10 kò tó nǹkan létí òkun. Ọ̀pọ̀ ọdún ni gúúsù Ìpínlẹ̀ Oǹdó fi wà nínú òkùnkùn láìsí iná mànàmáná. Ní Ayétòrò, òkun ń gba ilé mọ́ àwọn ènìyàn lọ́wọ́. Ta ni yóò ráyè ka ìwé ẹ̀sùn tí wọ́n fi òyìnbó kọ sórí fóònù tí kò ní iná? Kí ó tó mọ̀, wọ́n ti yọ ọjà rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń jowú ló parọ́ mọ́ ọn.

Ti orúkọ àti àmì ọjà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún 1965 ni wọ́n ṣe òfin tirédímáàkì wa, kò sì sọ ohunkóhun nípa ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì. Kálukú ilé iṣẹ́ ló ń lo ìlànà tirẹ̀, ìwé ẹ̀rí ìforúkọsílẹ̀ láti Àbújá ni wọ́n sì sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè. Ayétòrò, tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, hun aṣọ, ó ṣe bàtà, ó sì kan ọkọ̀ ojú omi tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri. Ṣùgbọ́n òkìkí kì í ṣe ìwé ẹ̀rí. Lóòótọ́, ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ ṣì lè gba ilé ẹjọ́ lọ, ṣùgbọ́n èló ni èrè ẹja tí yóò fi san owó lọ́yà?

Èrò wa ni pé kí àwọn ilé iṣẹ́ ọjà yìí máa gba ẹ̀sùn àti àwíjàre ní èdè Yorùbá, kí wọ́n sì máa pe ọlọ́jà lórí fóònù kí wọ́n tó ka ọjọ́ 10 sí i lọ́rùn. A rọ ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó láti ran ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn ẹlẹ́ja àti ahunṣẹ́ní lọ́wọ́, kí wọ́n lè jùmọ̀ forúkọ àmì kan sílẹ̀. Ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ ń lo ọdún 7, wọn a sì tún un ṣe fún ọdún 14. Kí ọlọ́jà náà tọ́jú ojúlówó fọ́tò àti ìwé ìrajà rẹ̀ dáadáa.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹni tí wọ́n jà lólè àti ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, kí a gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì.